Láti Orí Átọ́ọ̀mù Dé Orí Àdán: Àtẹ̀gùn Tí Ẹ̀mí Ń Gùn

Àwọn òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ìlọrin ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo ṣe kọ ọ́ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá.

Àsàlámù àlékùm o. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àáfà wa, ẹ̀yin olùkọ́, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì tó wà láàárín wa, ẹ kú ọjọ́ òní. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó; tìtorí yín ni mo ṣe wá. Mo kí Ìlọrin, ìlú tí ẹṣin jẹ́ eégún ilé wọn, tí ọ̀kọ̀ jẹ́ orò ibẹ̀. Ọmọ Ajàṣẹ́-Ìpo ni mí, Ìgbómìnà pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún 19 tí mo ti ń jẹun ní Ìlọrin, tí mò ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní láàbù. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí bí ọmọ.

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì yín ló pè mí. Ó ní, "Àǹtí, àwọn ọmọ yìí ti há a sórí: átọ́ọ̀mù, mọ́lékù, sẹ́ẹ̀lì, tíṣù, ẹ̀yà ara, ètò ara, odindi ẹ̀dá, agbo ẹ̀dá, àwùjọ ẹ̀dá, àyíká, ilé ayé. Wọ́n ń kà á bí ọmọ kéú ṣe ń ka wàláà. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n pé kí ló kàn yín níbẹ̀, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu." Àtẹ̀gùn ni mo pe ètò tí wọ́n há sórí yẹn: átọ́ọ̀mù ni ègé tó kéré jù lọ lára nǹkan bí irin, bí átọ́ọ̀mù bá so pọ̀, ó di mọ́lékù, tíṣù sì ni sẹ́ẹ̀lì irú kan náà tó para pọ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè olùkọ́ yín ni mo gbé wá. Kí ló kàn wá? Kí ló kan ìyá tó ń ta irú lọ́jà? Kí ló kan ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ gbéyàwó lẹ́yìn ààwẹ̀? Ẹ bá mi ká lọ, ẹ ó rí i pé ó kàn wọ́n ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Òwú kì í ṣe aṣọ

Ta ni nínú yín tí kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì rí? Ní Ìlọrin kẹ̀? Mo mọ̀ pé kò sí. Ahunṣọ á jókòó sídìí òfì, òwú á nà gbọọrọ níwájú rẹ̀, wọ́n á gbé òkúta lé e nídìí kó lè le. Ọwọ́ ń sọ, ọwọ́ ń gbà, ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ohun tó ń jáde kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé e, wọ́n á to ìlà kan ti ìkejì, wọ́n á rán an pọ̀, ó di ìró, ó di agbádá.

Ó dáa. Ẹ yọ fọ́nrán òwú kan ṣoṣo lára agbádá yẹn, ẹ gbé e sójú oòrùn, kí ẹ wá àrà tó wà lára aṣọ náà nínú rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ẹ ò lè rí i láé. Àrà kò sí nínú òwú. Ẹ wá ẹ̀yẹ tí agbádá yẹn ń fún ọkọ ìyàwó nínú ìlà kan ṣoṣo, ẹ ò ní rí ìyẹn náà. Lórí òwú, àwọ̀ nìkan ló wà. Lórí ìlà, àrà yọjú. Lórí odindi aṣọ, ẹ̀yẹ dé. Òwú kan náà ni o. Kò sẹ́ni tó bu nǹkan mìíràn kún un. Bí wọ́n ṣe tò ó ló yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀dá oníyè. Irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ọ̀kan náà ni òun àti irin tí alágbẹ̀dẹ fi rọ àdá. Kábọ̀nù tó wà nínú ọpọlọ yín, ọ̀kan náà ni òun àti kábọ̀nù inú èédú tí a fi ń yan ẹran. Irin ò mí. Èédú ò mí. Ẹ̀yin ń mí. Níbo ni mímí ti wọlé? Lórí àtẹ̀gùn wo ni ẹ̀mí ti bá wọn pàdé? Ìbéèrè yìí ń jí mi lóru nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí yín, kò sì tíì dẹ́kun àtimáa jí mi.

Ohun kan wà tí àfiwé òwú yìí kò gbé dé ibi tó yẹ. Ahunṣọ ló ń hun aṣọ. Nínú ara, kò sẹ́ni tó jókòó sídìí òfì tí a lè fojú rí. Aṣọ yìí ń hun ara rẹ̀, ó ń lẹ ara rẹ̀ níbi tó ti ya, ó sì ń bí aṣọ mìíràn. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Yàrá kékeré

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí sẹ́ẹ̀lì, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1665, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Robert Hooke gé èèpo igi tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò, ó fi awò máíkíróskóòpù wò ó. Ó rí yàrá wẹẹrẹ wẹẹrẹ tó tò bí afárá oyin. Orúkọ yàrá kékeré tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ń gbé ló fún wọn, orúkọ yẹn ni sẹ́ẹ̀lì tí a ń pè dòní. Ṣùgbọ́n yàrá òfìfo ló rí. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ti kú, ògiri ló kù.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí onílé láàyè ni Antonie van Leeuwenhoek, ará ìlú Delft ní Netherlands. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe? Oníṣòwò aṣọ ni! Àwọn oníṣòwò aṣọ ayé ìgbà yẹn a máa fi awò wo òwú kí wọ́n lè mọ ojúlówó. Òun wá ń dán awò tirẹ̀ títí ó fi mú ju ti gbogbo ènìyàn lọ, ó sì gbé e sójú omi adágún lásán láàárín ọdún 1670 sí 1680. Ó rí àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí wọ́n ń wẹ̀, tí wọ́n ń yí, tí odindi ara wọn jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan péré. Aṣọ náà ló tún gbé wa débẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tó bí ọdún 160 kí àwọn ará Jámánì méjì, Schleiden ní 1838 àti Schwann ní 1839, tó sọ ọ́ gbangba pé gbogbo ewéko àti gbogbo ẹranko ni a fi sẹ́ẹ̀lì kọ́. Nígbà tó di 1855, Virchow fi tirẹ̀ kún un: inú sẹ́ẹ̀lì ni sẹ́ẹ̀lì ti ń wá. Aṣọ tó ń bí aṣọ ni mo wí.

Sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ara àgbàlagbà kan lé ní tírílíọ̀nù 30. Púpọ̀ jù nínú wọn ló jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, àwọn yẹn sì ni ọ̀rẹ́ mi, tọ̀sán tòru ni mò ń wò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Ó rí roboto bíi mọ́sà tí wọ́n fi ìka tẹ̀ láàárín. Bí ẹ bá tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí 130 ni yóò kún mìlímítà kan. Ó rọ̀, ó lè ká ara rẹ̀ kó gba inú òpójẹ̀, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ara, tó kéré ju òun fúnra rẹ̀ lọ kọjá. Kò ní kóróò, ibi tí àkọsílẹ̀ sẹ́ẹ̀lì máa ń wà, nínú bí àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù. Ó ti tì í jáde kó lè ráyè ru ẹrù. Ọjọ́ 120 ló ń lò láyé, ara á sì rọ òmíràn dípò rẹ̀. Inú mùdùnmúdùn eegun la ti ń rọ wọ́n, bíi mílíọ̀nù 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí n tó parí gbólóhùn yìí, ẹ ti ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù tuntun.

Ẹrù tó ń rù ni afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, ohun tó fi ń rù ú ni mọ́lékù kan tó ń jẹ́ hẹmoglóbìn. Bíi mílíọ̀nù 270 rẹ̀ ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa kan ṣoṣo, átọ́ọ̀mù irin mẹ́rin ló sì wà nínú hẹmoglóbìn kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bí àtẹ̀gùn ṣe tò: irin nínú hẹmoglóbìn, hẹmoglóbìn nínú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ nínú ọkàn àti òpójẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà

Ibi tí mò ń bọ̀ gan-an la dé yìí. Ẹ fún mi létí.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá mi bí àbúrò mi ọkùnrin. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmọ náà dán, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sí nǹkan tó ṣe é. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, a jí lówúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú bíi búrẹ́dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì náà wú. Bí a bá fọwọ́ kàn án, igbe ẹ̀ á gba ilé kan. Ìyá bàbá mi fi òrí pa á lára. Ẹnì kan ní ìyọnu eyín ni. Ẹlòmíràn ní ọmọ yìí ti wá sáyé rí, torí ìyá mi ti sin ọmọ méjì ṣáájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wíwú lọ, ọmọ dìde, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Oṣù kejì, ó tún dé.

Àwọn àgbà wa ní orúkọ fún un: fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ gbọ́ bí orúkọ náà ṣe péye tó. Ó kú lónìí, ó dìde lọ́la. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò ní awò, wọn ò mọ sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n lórí àtẹ̀gùn odindi ènìyàn tí wọ́n dúró sí, ohun tí wọ́n rí, wọ́n rí i ṣáká. N kì í fara mọ́ ọn bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé àwọn baba wa ò mọ nǹkan kan. Wọ́n mọ ohun tó hàn láti orí àtẹ̀gùn tiwọn.

Ẹ wá wo bí ìmọ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yìí. Ní ọdún 1910, dókítà James Herrick ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, ròyìn ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan tó wá láti Grenada kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú eyín. Sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ kò rí roboto. Ó tẹ̀, ó ṣẹ́nu ṣóṣóró bíi dòjé. Orí àtẹ̀gùn sẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Ní 1949, Linus Pauling àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí i, wọ́n ní hẹmoglóbìn fúnra rẹ̀ ló yàtọ̀. Orí àtẹ̀gùn mọ́lékù nìyẹn. Ní 1956, Vernon Ingram ní Cambridge bẹ̀rẹ̀ sí í tú hẹmoglóbìn náà wò díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà.

Tẹ̀sùbáà gan-an ni kí ẹ fi wò ó. Okùn mẹ́rin ló para pọ̀ di hẹmoglóbìn kan. Méjì nínú wọn ní ìlẹ̀kẹ̀ 141 lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì yòókù ní 146. Lára okùn onílẹ̀kẹ̀ 146 yìí, ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà, ẹyọ kan péré, ni wọ́n fi òmíràn pààrọ̀. Gbogbo ìyókù pé. Ẹyọ kan! Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fádìẹ.

Kí ni ẹyọ kan yẹn wá ń ṣe? Bí hẹmoglóbìn bá ti gbé ọ́síjìn sílẹ̀ tán, ìlẹ̀kẹ̀ àjèjì yẹn á jẹ́ kó máa lẹ̀ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀, ẹnìkejì á lẹ̀ mọ́ ẹ̀kẹta, wọ́n á di ọ̀pá gígùn nínú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pá á ti ara sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ bíi dòjé, kò ní rọ̀ mọ́. Èyí tó yẹ kó ká ara rẹ̀ kọjá nínú òpójẹ̀ tóóró á há síbẹ̀, àwọn mìíràn á tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń tò lọ́jọ́ ọjà. Ẹran ara tó wà níwájú kò rí afẹ́fẹ́ mọ́. Eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé: dípò ọjọ́ 120, bí ọjọ́ 10 sí 20 ló ń lò, mùdùnmúdùn eegun ò sì lè rọ òmíràn kó tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń funfun tí àárẹ̀ fi ń múni. Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ egungun ìhà lápá òsì, tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó sì ń mú kòkòrò. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún ló ti ń kú. Ibà kékeré á wá di ńlá. Kíndìnrín ńkọ́? Ọpọlọ ńkọ́? Ohun tó bá ojú ti bá imú.

Ìmọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, àrùn ń gòkè. Láti orí ìlẹ̀kẹ̀ kan, ó dé orí sẹ́ẹ̀lì, ó dé orí eegun, ó dé orí ọmọ tó ń sunkún lóru, ó dé orí ìyá mi tí àwọn kan ń wò lójú bí ẹni tó gbé ọmọ búburú wá. Òkè pátápátá ló dé, ó dé orí ìgbéyàwó, torí àwọn ará ilé ń bi ara wọn pé ta ló fà á. Bàbá mi ló fà á, ìyá mi ló fà á. AS làwọn méjèèjì: hẹmoglóbìn A, èyí tó pé, àti hẹmoglóbìn S, èyí tí ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà rẹ̀ yí padà, ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹni AA ní A nìkan; ẹni SS ní S nìkan, òun ni fòníkú-fọ̀ladìde ń ṣe. Wọn ò mọ̀. Ara wọn le bí ọta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú ìgbéyàwó

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí mo bá gbé ẹ̀jẹ̀ AA àti ẹ̀jẹ̀ AS sábẹ́ awò báyìí, bákan náà ni wọ́n rí, roboto roboto. Báwo la ṣe wá ń mọ̀ wọ́n? Orí àtẹ̀gùn mọ́lékù la máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. A ó fọ́ sẹ́ẹ̀lì kí hẹmoglóbìn tú jáde, a ó fi í kán sórí ìwé pẹlẹbẹ kan, a ó tan iná mànàmáná sí i láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà tó yẹ kó wà níbẹ̀ máa ń gbé iná díẹ̀ lára. Èyí tó gba ipò rẹ̀ kò gbé rárá. Nítorí náà, bí iná ṣe ń fà wọ́n, hẹmoglóbìn A á sáré síwájú, S á máa rọra bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni AA, ìlà kan níwájú. Ẹni SS, ìlà kan lẹ́yìn. Ẹni AS, ìlà méjì. Ọdún 19 ni mo ti ń wo ìlà pupa wọ̀nyẹn, títí dòní, bí ìlà méjì bá ti ya, mo máa ń ronú kan bàbá mi.

Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Mo ní oyún kọ̀ọ̀kan o. Kì í ṣe pé bí ẹ bá ti bí SS kan tán, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Mo mọ tọkọtaya kan tó lọ ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó dé yìgì. Láàbù tí wọ́n lọ kọ AA fún ọkọ. AS ni. Ẹni tó ka ìwé yẹn kánjú. Ọmọ wọn kejì ló sọ òótọ́ fún wọn. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó dá ọjọ́, kí ẹ tó ra aṣọ, kí ìfẹ́ tó wọ egungun.

Kí ẹ má sì rò pé nítorí pé àrùn wá láti orí mọ́lékù, orí mọ́lékù nìkan la ti lè bá a jà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Omi tí àbúrò mi ń mu lámutúnmu, orí ẹ̀jẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ki. Aṣọ òtútù tó ń wọ̀ nígbà ọyẹ́, orí òpójẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, orí àyíká. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ hydroxyurea. Ẹ rántí pé oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ náà? Hẹmoglóbìn tó gbé wá láti inú oyún ló ń dáàbò bò ó, torí ìyẹn ò ní okùn tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ yí padà. Oògùn yìí máa ń mú kí ara tún ṣe hẹmoglóbìn ìgbà oyún yẹn díẹ̀. Ní òpin ọdún 2023, Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun tí wọ́n fi ń tún àkọsílẹ̀ inú kóróò sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn aláìsàn fúnra rẹ̀ kọ, kó lè máa ṣe hẹmoglóbìn ìgbà oyún náà lọ. Owó rẹ̀ ga kọjá agbára mẹ̀kúnnù. Inú mi dùn sí i, ó sì dùn mí lójú ẹsẹ̀ kan náà.

Òkè orí ènìyàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró lórí odindi ènìyàn, bíi pé àtẹ̀gùn parí síbẹ̀. Kò parí. Ẹ jẹ́ ká gùn ún sí i.

Ní Nàìjíríà, nínú ènìyàn mẹ́rin, bí ẹnì kan ló jẹ́ AS. Ẹ wò ó. Àrùn tó ń pa ọmọ kí wọ́n tó dàgbà bímọ, kí ló dé tí kò tíì pa rẹ́ láàárín wa? Bí a bá wo ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ò ní rí ìdáhùn. Orí agbo la ti lè rí i. Ní 1954, dókítà Anthony Allison, ẹni tó dàgbà ní Kenya, fi hàn pé ibi tí ibà ẹ̀fọn ti le ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà ni AS ti pọ̀. Kòkòrò ibà kì í rọ́wọ́ mú dáadáa nínú ẹ̀jẹ̀ AS. Ọmọ AS kì í sábà kú ikú ibà bí ọmọ AA ṣe ń kú. Ìyẹn ni pé láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ẹ̀fọn ló ń pa S mọ́ fún wa. Adágún omi, ẹ̀fọn, kòkòrò ibà, ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà: gbogbo wọn so kọ́ra. Ẹ rí i pé òkè àtẹ̀gùn náà a máa nawọ́ sí ìsàlẹ̀. Ará ilé ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Àpẹẹrẹ kan ló kù lọ́wọ́ mi, tìyá mi ni. Irú ló fi tọ́ wa. Òru ló máa ń se é, ilẹ̀ á mọ́ bá a nídìí iná. Wọ́n á gún un, wọ́n á fọ èèpo rẹ̀ lómi, wọ́n á tún un sè, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á dà á sínú igbá, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á wá fi àpò ìdọ̀họ wé e. Ìyá mi kì í fi nǹkan kan sí i. Lọ́jọ́ kejì, bí mo bá ki ọwọ́ bọ abẹ́ àpò yẹn, ó máa ń gbóná bíi pé ẹnì kan dáná sábẹ́ rẹ̀. Ta ló dáná? Sẹ́ẹ̀lì ni. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Bacillus subtilis ni. Ó máa ń di kóró líle tí omi híhó ò lè pa, bí iná bá ti lọ tán, á jí, á máa fọ́ purotéènì inú irú sí wẹ́wẹ́, òórùn náà á dé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi èyí kún ìwé yín: bakitéríà yìí kò ní tíṣù, kò ní ẹ̀yà ara. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni odindi rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀dá ló ń gun gbogbo àtẹ̀gùn.

Níbo ni kóró irú ti wá? Lórí igi igbá, tí àwọn mìíràn ń pè ní igi irúgbá. Òdòdó igi igbá rí roboto, ó pupa, ó rọ̀ dirodiro lópin okùn gígùn bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi kọ́ igi. Ìrọ̀lẹ́ ló ń là. Ta ló ń wá a lálẹ́? Àdán. Àdán á wá mu omi dídùn inú rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú òdòdó á lẹ̀ mọ́ ọn nírun, á gbé e dé orí igi mìíràn, igi á so. Àdán tí àwọn ọmọ ń sọ lókò, tí wọ́n ń pè ní ẹyẹ àjẹ́! Òun wà lára àwọn tó ń se ọbẹ̀ yín.

Ìyá mi sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé owó kóró igbá ti ga jù, ẹ̀wà sóyà làwọn obìnrin mìíràn fi ń ṣe irú báyìí. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọge, láti Ajàṣẹ́ sí oko bàbá òun, igi igbá tó wà lójú ọ̀nà, òun ò lè kà á. Wọ́n ti gé púpọ̀ nínú wọn fi ṣe èédú, kò sì sẹ́ni tó gbin òmíràn, torí pé ó máa ń pẹ́ kó tó so. Ó bi mí pé, "Ìwọ tó o kàwé, kí la ó ti ṣe é?" Mo sọ fún un pé ká bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín. Ó ní òun ti gbin mẹ́ta.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ mi ò ní pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Awò méjì ló wà lórí tábìlì yẹn. Ẹ̀jẹ̀ mi ló wà lábẹ́ ti ọwọ́ òsì. AS ni mí. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ló wà lábẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún. Òun fúnra rẹ̀ nìyẹn, ẹni tó wọ búbá aláwọ̀ ewé nídìí fèrèsé, tó gbé ike omi lọ́wọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún 36. Òun ló ní kí n fi ẹ̀jẹ̀ òun hàn yín, ó sì ti ṣe tán láti dáhùn ìbéèrè tí ẹ bá ní. Ẹ tò sí ìlà méjì, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá wa kọ́kọ́ wò ó. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀, ojú nìkan ni kí ẹ gbé sí i.